Àga Ṣọ́ọ̀ṣì Lórí Èjìká Òsì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò: ìyàwó mi máa ń yìnbọn.

Ẹ fara balẹ̀. Kì í yìn ín sí èèyàn, kì í yìn ín sí ẹran. Bébà ló máa ń yìn ín sí. Bébà funfun kan báyìí tó ní róbótó dúdú láàárín, inú róbótó dúdú yẹn ni ojú àmì kan wà tí kò ju ẹnu báírò lọ. Á dúró ní mítà mẹ́wàá sí i, á mí sínú, á mí síta, á wá dákẹ́. Gbogbo ayé á bá a dákẹ́. Ìbọn á sì ṣe “pù” bí ìgbà tí èèyàn tu kóró àgbálùmọ̀ dànù lẹ́nu. Ìbọn atẹ́gùn ni. Kò ní ẹ̀tù, kò ní èéfín, ọta rẹ̀ ò tó hóró ẹ̀wà. Ológbò tó ń sùn lábẹ́ àga ní ilé-ẹgbẹ́ ayìnbọn wọn kì í tilẹ̀ gbé orí sókè.

Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Isikan ní Àkúrẹ́, tíṣà ìṣirò. Èmi ni Àkàndé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, fáànù àti áyọ́ọ̀nù ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ohun tó bá ti inú páálí jáde ni èmi fọkàn tán. Páálí ní orúkọ lára, ó ní nọ́ńbà, ó ní àwòrán obìnrin òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín sí fáànù. Ohun tí èèyàn jókòó gbẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ta ló ń rẹ́rìn-ín sí i?

Ohun kan ṣoṣo ni Fẹ́yì ń wá lọ́dún yẹn. Ó fẹ́ wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n máa mú pé kí wọ́n lọ yìnbọn fún ìpínlẹ̀ wa. Ó ti gbìyànjú lọ́dún méjì. Lọ́dún méjèèjì, ipò kẹrin ló ṣe. Ẹ bá mi wò ó, ẹni tó ṣe ipò ogún mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n yìn, á lọ sílé lọ jẹun. Ẹni tó ṣe ìkẹrin ò lè sùn. Ó ti wá sọ fún mi pé tí òun bá tún ṣe ìkẹrin lẹ́ẹ̀kẹta, òun á pa á tì, òun á máa gbin ewébẹ̀.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n yìn. Ìbọn ẹgbẹ́ tó ń yá lò ni ò bá a mu. Ọlọ́wọ́ òsì ni Fẹ́yì, àfi pé ẹ ò ní mọ̀. Màmá Agnes, ìyá rẹ̀, ti fi ìpọnbẹ̀ gbá ọwọ́ òsì yẹn láti kékeré débi pé ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé àlejò lòun. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ìpọnbẹ̀ gbá ojú. Ojú òsì rẹ̀ ló ríran jù, èjìká òsì sì nìkan ni ìbọn ti lè sùn fún un. Ìbọn ẹgbẹ́ wá jẹ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi tí wọ́n gbẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà ẹlòmíì, tó tún wá wọ̀ ọ́ lódì.

Lọ́dún yẹn, Kóòṣì Bámidélé, ẹni tó ń kọ́ wọn, kéde pé kò sí yíyá mọ́. Kí oníkálùkù mú ìbọn tirẹ̀ wá. Oṣù méjì ló kù tí wọ́n máa dán wọn wò.

Bí ọ̀rọ̀ ríra tàbí kíkàn ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Ríra: ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Ọládélé, tó ń kó lọ sí òkè òkun, tó fẹ́ ta ìbọn rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wọ fóònù mi. Ó wà nínú páálí! Páálí gidi, tó ní fóòmù nínú. Wọ́n ṣe igi rẹ̀ kí tọ̀tún tòsì lè lò ó.

Kíkàn: Kóòṣì Bámidélé ní irin ìbọn àtijọ́ kan nílé-ẹgbẹ́, igi rẹ̀ ti là sí méjì ṣùgbọ́n irin náà ṣì ń yìn tààrà. Ó ní òun á jẹ́ kí Fẹ́yì máa lò ó, ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, àfi kó lọ wá ẹni tó máa gbẹ́ igi tuntun fún un. Ó sì dárúkọ bàbá arúgbó kan l'Oǹdó.

Owó ọwọ́ wa ò lè ṣe ju ọ̀kan lọ.

“Ti Ìbàdàn,” mo ní. “Kí ló tún kù? Tọ̀tún tòsì ló bá mu. Gbogbo èèyàn ló bá mu.”

“Àkàndé, bẹ́ńṣì ilé-ìwòsàn náà bá gbogbo èèyàn mu. Ṣé o ti sùn lórí rẹ̀ rí?”

“Mo ti sùn lórí rẹ̀. Alẹ́ tí o bí Moyinolúwa.”

“Báwo ni ọrùn rẹ ṣe rí láàárọ̀?”

Ọ̀rọ̀ ọrùn mi ò kan ẹnikẹ́ni.

Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. “Mo lálàá ìbọn kan.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Mi ò rí i. Ó wà lórí èjìká mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò wúwo, kò fúyẹ́. Mo kàn ń wo bébà, bébà náà ń wò mí.”

“Ìbọn tí o ò rí, tí o ò sì mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìyá Moyin, ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe pé ò ń sùn lásán?”

Ó fi ìrọ̀rí sọ mí. Ó bà mí. Ọwọ́ òsì ló fi sọ ọ́.

La bá lọ sí Oǹdó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, kùrukùru ti bo gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà yẹn rí ní àsìkò kòkó mọ òórùn tí mò ń sọ. Wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń rùn, ó sì ń ta sánsán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a dé afárá Ọ̀wẹnà, a ò rí odò, funfun nìkan la rí, bí ẹni pé wọ́n da wàrà sábẹ́ wa. Fẹ́yì gbé orí lé gíláàsì mọ́tò. Mo mọ̀ pé ó ti wà níbi tí mi ò lè dé, ó wà ní mítà mẹ́wàá.

Bàbá Silas ń gbé ní Yàbá. Yàbá ti Oǹdó o, ẹ má gbé e lọ sí Èkó. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, igi ìbọn ọdẹ ló ń gbẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kódà tó bá kí yín káàárọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ nínú àyà yín.

“Ta ló fẹ́ yìnbọn nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Èmi ni sà,” Fẹ́yì ní, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

Bàbá wò mí. “Ìwọ ńkọ́?”

“Fáànù ni mò ń tà, Bàbá.”

“Kò burú. Lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà.”

Bàbá ò ní téèpù. Kò ní bébà, kò ní pẹ́ńsùlù. Ẹfun kékeré kan ló wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó fa pákó kan jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì iṣẹ́ rẹ̀, pákó dúdú, ó ń dán bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọwọ́ pa á lára.

“Ìrókò ni. Àga ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Wọ́n ra àga oníke, wọ́n ní kí n wá kó ti àtijọ́ kúrò. Mo la ọ̀kan sí méjì, ìdajì rẹ̀ nìyí. Ọgọ́ta ọdún ló fi gbọ́ ìwàásù. Irú igi yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́.”

“Àti bí wọ́n ṣe ń sùn, sà,” mo ní.

“Ìyẹn náà wúlò fún ìbọn,” Bàbá ní, kò rẹ́rìn-ín rárá. “Ọmọ mi, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́, torí ẹnu máa ń purọ́. Màá na igi yìí sí ọ. Gbà á, di ojú rẹ, gbé e sí èjìká bí ìgbà tí o fẹ́ yìn ín. Ara rẹ ló máa bá mi sọ̀rọ̀.”

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ọládélé, ará Ìbàdàn.

Mo jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn. Mo jẹ́wọ́ fún yín, mo ní kó bá mi di páálí yẹn mú ná, torí mi ò gba Bàbá oníwàásù yìí gbọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, Fẹ́yì ti dìjú, igi wà léjìká rẹ̀, Bàbá ń fi ẹfun tọ ìlà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ya àwòrán ọmọ tó ń sùn. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ẹfun ń fò nínú rẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ìyàwó mi. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Mo wò ó o. Ẹ rántí pé mo wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò rí i.

Bàbá ò gba kọ́bọ̀. Ó ní ọjọ́ tí ìbọn bá bá a mu lòun máa gbowó.

Lẹ́yìn oṣù kan, a padà lọ gbé e. Bàbá ti fi aṣọ akọrin àtijọ́ wé igi náà. Ní Ọ̀wẹnà, ọlọ́pàá kan dá wa dúró.

“Kí lẹ gbé sẹ́yìn yẹn?”

“Igi ni, Ọ̀gá,” mo ní.

“Igi kí ni?”

Mo ti fẹ́ sọ pé igi fáànù ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ni Fẹ́yì, kì í purọ́. “Igi ìbọn ni sà.”

Ọlọ́pàá yẹn sún sẹ́yìn. “Ìbọn dà?”

“Ó wà ní Àkúrẹ́, nílé-ẹgbẹ́ wa, sà. Igi rẹ̀ nìkan la lọ gbé l'Oǹdó. Ìwé rẹ̀ rèé.”

Ó ka ìwé. Ó tú aṣọ wò. “Kí ni igi yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Àga ṣọ́ọ̀ṣì ni sà.”

“Aṣọ tí ẹ fi wé e ńkọ́?”

“Ti akọrin ni sà.”

Ó wo Fẹ́yì, ó wo èmi, ó wo ojú ọ̀run. “Ẹ máa lọ. Ẹ ṣáà máa lọ.”

Nílé-ẹgbẹ́, Kóòṣì Bámidélé de irin mọ́ igi. Ó bá ara mu rẹ́gí. Fẹ́yì nu ọwọ́ lára síkẹ́ẹ̀tì, ó gbé ìbọn, ó gbé e sí èjìká òsì, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò rí ibi jókòó sí.

Ó tún gbé e. Ó yí ọrùn síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kóòṣì rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó gbé e sí èjìká ọ̀tún Fẹ́yì. Ìbọn náà wọlé bí ọmọ tó rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ ihò rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rí ibi dì mú, kò sí ibi tí ó ṣẹ́kù. Ìbọn tó dára jù lọ nípìínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn, lórí èjìká tí kò yẹ, níwájú ojú tí kò ríran tó bẹ́ẹ̀.

“Ta ni Bàbá wọn eléyìí fún?” Kóòṣì béèrè.

“Èmi ni.”

“Nígbà tó na pákó sí ọ, ọwọ́ wo lo fi gbà á?”

Fẹ́yì la ẹnu. Mo rí i bó ṣe ń padà lọ sí Yàbá nínú ọkàn rẹ̀, bó ṣe tún kúnlẹ̀, bó ṣe dìjú. “Ọ̀tún,” ó ní. “Kóòṣì, àgbà ló nà án sí mi. Ọ̀tún ni mo fi gbà á. Mo dìjú, mo gbé e síbi tí ọwọ́ tó gbà á gbé e lọ. Mi ò tilẹ̀ mọ̀.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, nígbà tó yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ọládélé ṣì di páálí mú, ọpẹ́lọpẹ́ èmi alábòsí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ló ń wọkọ̀ òfuurufú. Ká wá gbé e lọ́jọ́bọ̀, tàbí kó fún ẹlòmíì. Tí a bá sì rà á, owó Bàbá Silas lọ nìyẹn. Fẹ́yì ní, “Jẹ́ ká rà á.” Bó ṣe sọ ọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn sọ pé ewébẹ̀ lòun fẹ́ gbìn.

Màmá Agnes wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ará Àkúrẹ́ àtijọ́ kì í pe ìbọn ní ìbọn.

“Mo gbọ́ pé ubọn yín ò ṣiṣẹ́,” ó ní.

“Ó ṣiṣẹ́, Màmá,” mo ní. “Ọwọ́ tí ò yẹ ló ṣiṣẹ́ fún.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí itan, ó wò wọ́n pẹ́.

“Àbí kí n má kọ́ ọ ni?” ó ní, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. “Kí ó máa fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n ní ulé wo ló ti jáde?”

“Màmá, kò sẹ́ni tó bínú sí yín,” Fẹ́yì ní.

“Ẹ lọ ra èyí tó wà nínú páálí.” Ó dìde, ó lọ. Kò jẹ iyán tí a gún fún un, ẹ sì lè bi gbogbo Isikan, Màmá Agnes ò kọ iyán rí.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, mo jí, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fẹ́yì dúró níbẹ̀, ó gbé igi mọ́ọ̀pù sí èjìká òsì, ó dìjú, ó dojú kọ kàlẹ́ńdà ara ògiri. Kùrukùru ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó dé orúnkún rẹ̀, bí ẹni pé orí àwọsánmà ló dúró sí. Àkùkọ kan kọ, ó dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ iye ìgbà tí mo fi dúró. Igi mọ́ọ̀pù yẹn ò mì. Mo ti tà tó ẹgbẹ̀rún fáànù láyé mi, mi ò tíì rí nǹkan kan tó dúró jẹ́ẹ́ báyẹn.

Láìlajú, ó ní, “Àkàndé, mo tún lálàá yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí i. Ọmọdé kan ti gbẹ́ ẹyẹ kékeré sí ara igi náà.”

“Irú ẹyẹ wo?”

“Ẹyẹ tí ọmọdé lè gbẹ́. Ó dà bíi bàtà tó ní ìyẹ́.”

Mo wẹ̀, a wọ mọ́tò, Ìbàdàn yá. Nígbà tó yẹ kí n forí lé ọ̀nà Iléṣà, mo gba ọ̀nà Oǹdó.

Fẹ́yì yọjú wo títì. “Ọ̀nà Ìbàdàn kọ́ nìyí.”

“Mo mọ̀.”

“Páálí ńkọ́?”

“Páálí á sinmi.”

Ó wò mí bí ẹni tó rí ìwin. Kí n má parọ́, èmi gan-an fẹ́ wo ara mi nínú dígí.

Nígbà tí Bàbá Silas gbọ́, ó di ìbàdí mú, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo àwo inú ilé bá a rín in. “Òsì kẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o tàn mí jẹ! Ara ni mo ní kó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ilé lo rán sí mi!”

“Ẹ máa bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ nà án sí mi.”

Ẹ̀rín Bàbá dá. “Èmi ni mo nà án sí ọ,” ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ló yẹ kí n rò ó.” Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ńṣì iṣẹ́ rẹ̀, ó fa ìdajì kejì àga náà jáde. Ó fi aṣọ nù ún. Ó dúró níwájú Fẹ́yì, ó na igi náà sí i.

“Gbà.”

Fẹ́yì kúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún jáde. Bàbá fa igi padà.

“Mo ní gbà.”

Ọwọ́ ọ̀tún tún jáde. Bàbá tún fà á padà.

Fẹ́yì wojú mi. Mo wo òrùlé. “Bàbá, mi ò lè ṣe é, sà. Ẹ ti dàgbà jù.”

“Mo dàgbà tó láti sọ ọwọ́ tí mo fẹ́ kó gbà á. Fi òsì gbà á, ọmọ mi. Mi ò ní gbá ọ.”

Mo rí ọwọ́ òsì yẹn nígbà tó ń bọ̀. Ó jáde bí ọmọ tí wọ́n pè láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí ìyá ti nà án tán, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì í. Ó dúró lágbedeméjì. Lẹ́yìn náà ó kan igi, ó dì í mú. Fẹ́yì dìjú, ó dìde, ó gbé e sí èjìká òsì, Bàbá sì yọ ẹfun lẹ́yìn etí. Inú ilé dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ti ka àdúrà tán tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe àmín.

Nísàlẹ̀ igi náà, nítòsí ibi tó kan èjìká, mo rí nǹkan kan. Ọmọdé kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ síbẹ̀, bóyá láàárín ìwàásù gígùn kan ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó dà bíi bàtà tó ní ìyẹ́.

Ó lè jẹ́ pé Fẹ́yì ti rí i lọ́jọ́ kìíní, tó gbàgbé. Èmi ò mọ̀. Mo ti sọ fún yín pé fáànù ni mò ń tà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàbá fi gbẹ́ ẹ. Ó fi ẹyẹ yẹn sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọn, èmi àti Màmá Agnes, ẹni tó ní òun ò wá wo ubọn, òun kàn ń kọjá lọ. Ó kọjá lọ pẹ̀lú agboòrùn àti oúnjẹ nínú kúlà. Ọgọ́ta ìgbà ni oníkálùkù máa yìn. Mo ka ti Fẹ́yì dé mẹ́tàdínlógún, mo sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn, “pù” kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, “pù” kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí omi tó ń kán láti orí ewé lẹ́yìn òjò. Ìbọn náà wà lórí èjìká rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó ń wo bébà, bébà ń wò ó. Mo rò pé mo sùn. Nígbà tí mo la ojú, ọgọ́ta ti pé.

Kóòṣì Bámidélé mú bébà èsì dání, ó wú ikọ́.

“Ẹni kìíní, Goodness.” Ọmọbìnrin Oǹdó kan báyìí, ó fò sókè.

“Ẹni kejì, Rùkáyátù.”

Kóòṣì dúró. Ó tún wú ikọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lómi lọ́wọ́?”

“Kóòṣì!” mo pariwo. “Kà á ná! O lè mu odò Ọ̀wẹnà tán lẹ́yìn náà!”

“Ẹni kẹta,” ó ní, ó wo bébà bí ẹni tí kò mọ̀wé kà, “Fẹ́yìsayọ̀.”

Mi ò ní sọ ohun tí mo ṣe. Mo ní oníbàárà tó wà níbẹ̀.

Igi kìíní, ti ọwọ́ ọ̀tún, wà ní sọ́ọ̀bù mi dòní, mo gbé e sórí gbogbo páálí. Bí èèyàn bá béèrè iye rẹ̀, mo máa ń sọ pé kì í ṣe títà, pé ìyàwó mi fi kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù lọ́jọ́ yẹn ni ti omi. Fẹ́yì ń bọ̀ wá bá wa, òógùn bò ó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá ìbọn mọ́ra. Màmá Agnes ti já omi inú ọ̀rá kan létí, ó nà án sí i. Ọwọ́ òsì Fẹ́yì jáde fúnra rẹ̀. Ó rántí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó dá a dúró, ó ti fẹ́ fà á sẹ́yìn.

Màmá sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan, ó fi omi náà sí àtẹ́lẹwọ́ òsì yẹn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé mọ́ ọn.

“Mu ún, jàre,” ó ní. “Oòrùn ń mú.”